IṢẸ́ TÍ A RÁN IKỌ̀: QIAO GUANHUA ÀTI ÌWỌ̀N Ọ̀RỌ̀



Ìfáárà

Mo mọ̀ pé ẹnu ti ń ya àwọn kan nínú yín láti ìgbà tí wọ́n ti rí àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀ràn ẹni tí ó ṣe aṣojú ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà? Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn mi kò sì gùn. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni kí a wádìí ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe fún ènìyàn àti ohun tí ó ń ṣe sí ènìyàn. Àwọn baba wa ní orúkọ kan fún ẹni tí ọba rán lọ bá ọba mìíràn: ikọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ogun ní ohun ìjà lọ́wọ́, oníṣòwò ní owó lápò. Ikọ̀ kò ní ju gbólóhùn lọ. Bí a bá fẹ́ mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ dájúdájú, ọ̀dọ̀ ikọ̀ ni ó yẹ kí a lọ.

Ìdí kejì jẹ́ ti ara mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ìwé ìròyìn àtijọ́ kan wà nínú àpótí bàbá mi. Àwòrán ọkùnrin ilẹ̀ Ṣáínà kan wà nínú rẹ̀, ó wọ awò ojú, ó jókòó láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó dá orí sẹ́yìn, ó la ẹnu gbàgà, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò tí ì rí àgbàlagbà tí ó rẹ́rìn-ín báyẹn nínú ìwé ìròyìn rí. Mo bi bàbá mi léèrè ohun tí ó pa ọkùnrin náà lẹ́rìn-ín. Ó ní ilé kan ni wọ́n ti tì í mọ́ ìta fún ọdún púpọ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Qiao Guanhua ni orúkọ rẹ̀. Ó tún pẹ́ sí i kí n tó mọ bí ìtàn náà ti parí.

Àwọn àgbà fi òwe méjì lélẹ̀ fún ẹni tí a bá rán níṣẹ́. Èkíní ni pé, bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èkejì ni pé, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Òwe kìíní sọ nípa ọgbọ́n ońṣẹ́. Èkejì sọ nípa ìṣòtítọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ìtàn iṣẹ́ Qiao Guanhua fi hàn wá pé òwe kìíní jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ, ó sì tún fi hàn wá pé ibì kan wà tí òwe kejì kò dé.

Igi gíga

Ọdún 1913 ni wọ́n bí Qiao ní ìpínlẹ̀ Jiangsu, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà. Ó lọ sí Yunifásítì Tsinghua ní ìlú Beijing, ó kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa èrò àti ọgbọ́n. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Japan, ó sì gba Japan lọ sí Jámánì, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Tübingen. Kì í ṣe ọ̀ràn ìjọba ni ó kọ ìwé oyè rẹ̀ lé lórí. Zhuangzi ni, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà kan tí ó gbé ayé ní ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ, ẹni tí ó fi ìtàn àti àpárá ṣe ẹ̀kọ́, tí ó sì máa ń béèrè bóyá orúkọ tí a pe nǹkan bá nǹkan náà mu ní tòótọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Ẹni tí ọdún iṣẹ́ rẹ̀ yóò lọ lórí wíwọn ọ̀rọ̀, lọ́dọ̀ ẹni tí ó fura sí ọ̀rọ̀ ni ó ti kọ́ṣẹ́.

Ogun láàárín Ṣáínà àti Japan bẹ́ sílẹ̀ ní 1937, Qiao sì padà wá sí Hong Kong ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ó di akọ̀ròyìn. Ó ń kọ àlàyé lórí bí ogun àgbáyé ti ń lọ, lẹ́yìn náà ó lọ sí Chongqing, olú-ìlú ìgbà ogun, ó sì ń kọ̀wé fún Xinhua Ribao, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Orúkọ tí ó fi ń kọ̀wé ni Qiao Mu, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni igi gíga. Òǹkọ̀wé mìíràn ní àríwá, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Hu Qiaomu, ń lo orúkọ kan náà. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀kan ní Qiao Mu Àríwá, wọ́n ń pe Qiao tiwa yìí ní Qiao Mu Gúúsù. Ní Chongqing náà ni ó ti gbé Gong Peng níyàwó, obìnrin tí ó ń bá àwọn akọ̀ròyìn òyìnbó sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ wọn, tí ó sì wá di olórí ẹ̀ka ìròyìn àkọ́kọ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè. Ikú mú un lọ ní 1970, ó ku ọdún kan kí ọjọ́ ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ tó pé.

Olórí àwọn méjèèjì ni Zhou Enlai. Nígbà tí wọ́n dá ìjọba tuntun sílẹ̀ ní Beijing ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1949, Zhou di olórí ìjọba àti mínísítà fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, ó sì mú Qiao mọ́ra.

Ẹni tí kò jókòó sí ìdí tábìlì

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1950, Qiao tẹ̀ lé Wu Xiuquan lọ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Ogun Kòríà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pè wọ́n bí a ti í pe ẹlẹ́jọ́, wọ́n sọ tẹnu wọn, wọ́n sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ìjọba tí ó ti sá lọ sí Taiwan ni ó ṣì jókòó sórí àga Ṣáínà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1951, ìjíròrò láti dá ogun Kòríà dúró bẹ̀rẹ̀ ní Kaesong, wọ́n sì gbé e lọ sí Panmunjom kí ọdún náà tó parí. Àwọn ọ̀gágun ni ó jókòó ní ìdí tábìlì. Ṣùgbọ́n nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Li Kenong àti Qiao Guanhua wà. Ní alaalẹ́ wọ́n ń gbọ́ ohun tí ọ̀tá sọ, wọ́n ń kọ ohun tí àwọn ọ̀gágun yóò sọ ní ọ̀la. Ọ̀rọ̀ lórí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun ni ó fa ọ̀rọ̀ náà gùn jù: ṣé kí a dá gbogbo wọn padà ni, tàbí kìkì àwọn tí ó bá fẹ́ padà? Bí wọ́n ti ń wá gbólóhùn tí ẹgbẹ́ méjèèjì lè fọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń kú. Ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1953 ni wọ́n tó rí i, ọdún méjì àti ọjọ́ 17 lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ lásán ni ọ̀rọ̀, ẹ ka ọjọ́ wọ̀nyí fún un.

Ní ọdún 1954 Qiao bá Zhou lọ sí Geneva. Níbẹ̀ ni mínísítà Amẹ́ríkà, John Foster Dulles, ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ènìyàn òun má ṣe bọ ọmọ Ṣáínà lọ́wọ́. Gbogbo wa tí a tọ́ ní ilẹ̀ yìí mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí a má dá ènìyàn lóhùn ìkíni.

Ẹ̀rín ní New York

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí àwòrán inú àpótí bàbá mi. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1971, Àpéjọ Gbogboogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ẹni tí ó ni àga Ṣáínà. Orílẹ̀-èdè 76 sọ pé ti Beijing ni, 35 kọ̀, 17 kò dá sí i. Nàìjíríà wà nínú àwọn 76 náà. Ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún yẹn gan-an ni òun àti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ àjọṣe. Togo sọ bẹ́ẹ̀ ni, Cuba sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Dahomey, tí ó di Benin ní 1975, sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, Brazil náà sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi gbogbo tí a ti ń sọ èdè wa tàbí tí a ti ń kọ orin rẹ̀ ni ìjọba ti nawọ́, ọwọ́ wọn kò sì pa pọ̀.

Qiao ni ó ṣe olórí ikọ̀ tí Beijing rán. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni wọ́n dé New York. Ní ọjọ́ 15, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tí ó ju 50 lọ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti kí wọn káàbọ̀ kí ó tó kan Qiao láti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ya àwòrán náà. Mo ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ó ti wá sí Àjọ kan náà rí ní 1950, tí ó sì lọ lọ́wọ́ òfo, yóò rò pé ẹ̀rín ìṣẹ́gun lásán ni. Èmi rò pé ẹ̀rín ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ ẹrú fún ọdún 21 ni, tí a wá rán ní iṣẹ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan láàárín ilẹ̀ méjì

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti kan iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó oṣù fún mi lé lórí. Ní oṣù kejì ọdún 1972, Ààrẹ Nixon lọ sí Ṣáínà. Ní ọjọ́ 21, ní pápákọ̀ òfurufú Beijing, òun ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́ sí Zhou Enlai, kí ìtìjú Geneva lè parí. Henry Kissinger àti Qiao Guanhua ni wọ́n ní kí ó kọ ìwé ìkéde tí orílẹ̀-èdè méjèèjì yóò jọ gbé jáde.

Ìwé irú èyí sábà máa ń kún fún ọ̀rọ̀ dídùn tí kò wúwo. Nínú oṣù kẹwàá ọdún tí ó ṣáájú, Kissinger ti gbé irú rẹ̀ wá sí Beijing. Zhou kọ̀ ọ́. Zhou ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó gbàgbọ́ ní gbangba, kí àríyànjiyàn wọn hàn, kí wọ́n tó wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pa pọ̀. Ọ̀nà yìí ni Qiao tẹ̀ lé. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: àwọn méjì tí ó bá ti sọ ìjà wọn jáde nínú ìwé, ó rọrùn fún ayé láti gba ìrẹ́pọ̀ wọn gbọ́.

Ṣùgbọ́n egungun tí ó há ni Taiwan. Ṣáínà ní òun ni ó ni í. Amẹ́ríkà ní àdéhùn ààbò pẹ̀lú ìjọba tí ó wà níbẹ̀. Kò sí gbólóhùn tí yóò sọ pé ti Ṣáínà ni tí Amẹ́ríkà yóò fọwọ́ sí, kò sì sí èyí tí yóò sọ pé kì í ṣe tirẹ̀ tí Ṣáínà yóò fọwọ́ sí. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí Amẹ́ríkà má sọ ẹni tí ó ni Taiwan rárá. Kí ó sọ ohun tí àwọn ọmọ Ṣáínà tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ omi méjèèjì ń wí, pé Ṣáínà kan ṣoṣo ni ó wà, àti pé apá kan rẹ̀ ni Taiwan; lẹ́yìn náà kí ó sọ pé òun kò jiyàn sí i. Nígbà tí wọ́n rò pé ó ti parí, àwọn ará iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọn kò pè sí ìjíròrò náà ka ìwé, wọ́n ní àtúnṣe wà. Kissinger ní láti padà lọ bá Qiao ní òru ní ìlú Hangzhou. Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́ kí wọ́n tó dìde. Ní Shanghai, ọjọ́ 27, wọ́n kéde rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gbé gbólóhùn náà ró. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni wọ́n lò, tí ó lè túmọ̀ sí pé mo mọ̀, tí ó sì lè súnmọ́ mo gbà. Nínú ìwé ti èdè Ṣáínà ní 1972, renshi dao ni wọ́n kọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ti yé mi, mo ti mọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1979, nígbà tí ilẹ̀ méjèèjì dá àjọṣe ní kíkún sílẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kò yí padà, ṣùgbọ́n èdè Ṣáínà kọ chengren, èyí tí ó túmọ̀ sí pé mo gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ rí mọ ohun tí mo ń sọ. Bí mo bá dúró níwájú ọba, tí mo ní, “Mo mọ̀ pé Àkàndé wí pé òun ni ó ni oko yìí,” oko mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ní, “Mo gbà pé Àkàndé ni ó ni oko yìí,” kí n ká ọkọ́ àti àdá mi. Láàárín mọ̀ àti gbà ni erékùṣù kan àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ti ń gbé láti ìgbà náà. Títí di òní, Amẹ́ríkà di ti Gẹ̀ẹ́sì mú, Ṣáínà di ti èdè tirẹ̀ mú, wọ́n sì tún ń padà sí àwọn ìwé wọ̀nyí nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná.

Àwọn kan pe irú gbólóhùn báyìí ní ẹ̀tàn. N kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tàn ni kí ẹnì kan mọ ìtumọ̀ kí ẹnì kejì má mọ̀ ọ́n. Àwọn méjì tí ó kọ èyí mọ ibi tí ó ti lanu sílẹ̀, wọ́n sì jọ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ìbá dí àlàfo náà ni ogun.

Ọdún 1976

Qiao di mínísítà fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ní oṣù kọkànlá ọdún 1974. Ó dé orí òkè ní àsìkò tí òkè náà ń mì. Ṣáájú ìgbà náà, ní ìparí ọdún 1973, Mao Zedong bínú sí Zhou Enlai lórí ìjíròrò rẹ̀ pẹ̀lú Kissinger, wọ́n sì ṣe ọ̀wọ́ ìpàdé kan láti bá a wí. Qiao wà lára àwọn tí ó sọ̀rọ̀ sí Zhou níbẹ̀, Zhou tí ó mú un wọnú iṣẹ́. Àṣẹ ni, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à á bẹ̀rù. Zhou kú ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1976. Nígbà tí wọ́n yọ Deng Xiaoping kúrò nípò ní oṣù kẹrin, tí wọ́n ní kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba bu ẹnu àtẹ́ lù ú, Qiao tún bá wọn bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Mao fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án. Ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí yóò jogún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àwọn mẹ́rin tí ìyàwó Mao, Jiang Qing, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ń gbé gbólóhùn kan kiri pé Mao fi sílẹ̀: kí a máa tẹ̀ lé ìlànà tí a ti fi lélẹ̀. Hua Guofeng, tí ó rọ́pò Mao, ní ohun tí Mao kọ fún òun ni pé kí a máa tẹ̀ lé ìlànà àtẹ̀yìnwá. Ní ọwọ́ ìkọ̀wé Ṣáínà, àmì mẹ́fà ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta péré ni ó fi yàtọ̀ sí èkejì. Gbólóhùn àwọn mẹ́rin náà wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Qiao láti sọ ní New York. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, Hua ka ìwé náà, ó pa gbólóhùn yẹn rẹ́, ó ní àmì mẹ́ta nínú rẹ̀ kò tọ̀nà. Qiao sọ̀rọ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọjọ́ 5. Ní ọjọ́ 6, ní Beijing, wọ́n mú àwọn mẹ́rin náà.

Ẹ fojú inú wo ọkùnrin náà ní New York, ní ìlú tí ó ti rẹ́rìn-ín ní ọdún márùn-ún ṣáájú. Ó jáde nílé ní ońṣẹ́ ìjọba kan. Ó padà bá ìjọba mìíràn nílé. Ní oṣù kejìlá wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí rẹ̀ lórí àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́rin náà. Gbólóhùn oní-àmì-mẹ́fà náà wà lára ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Wọn kò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Deng, tí ó ti bu ẹnu àtẹ́ lù, padà sórí oyè. Nígbà tí ìwé ọdún 1979 jáde, tí mọ̀ di gbà, Qiao kò sí ní ìdí tábìlì, kò sì sí nínú ilé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1982 wọ́n sọ fún un pé ọ̀ràn náà ti parí, wọ́n sì fi í ṣe olùdámọ̀ràn fún ẹgbẹ́ kan tí ó ń rí sí ìbáṣọ̀rẹ́ pẹ̀lú àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè. Ó ti ń ṣàìsàn. Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ní ẹni 70 ọdún.

Àgbálọgbábọ̀

Ibí yìí ni òwe kejì kò dé. Ó ní kí á bẹ̀rù ẹni tí ó rán wa. Kò sọ ohun tí ońṣẹ́ yóò ṣe bí ẹni tí ó rán an bá kú kí ó tó padà, tàbí bí àwọn méjì bá ń jà lórí ẹni tí ó rán an. Qiao, tí ó lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín mọ̀ àti gbà ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, ní òru, pẹ̀lú oorun lójú, kò fi ìwọ̀n kan náà wọn àwọn gbólóhùn tí wọ́n fún un sọ nípa Zhou àti nípa Deng. Tàbí ó wọ̀n wọ́n, ó mọ̀ pé wọn kò pé, ó sì gbé wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò sọ èyí láti dá a lẹ́bi. Ewu tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí àwa ń rí.

Bí ó ti wù kí ó rí, èmi náà ní ìjẹ́wọ́ kan. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, mo ṣe akọ̀wé fún ìgbìmọ̀ kan tí ó ń wádìí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹlẹgbẹ́ mi kan. Alága wa fẹ́ kí ìwé náà mú dáadáa. Mo kọ pé, “Ìgbìmọ̀ rí i pé.” Ohun tí ó yẹ kí n kọ ni pé, “Wọ́n sọ fún ìgbìmọ̀ pé.” Mo mọ ìyàtọ̀ náà, iṣẹ́ mi ni. Ẹlẹgbẹ́ mi pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn. Kò pẹ́ tí alága fi lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n wá ń béèrè ẹni tí ó kọ ìwé náà, ìbuwọ́lùwé tèmi ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dárí jì mí, ṣùgbọ́n n kò rí gbólóhùn náà fà padà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú yín yóò di ikọ̀, bí kì í tilẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ ó di akọ̀wé, agbẹjọ́rò, akọ̀ròyìn, ògbufọ̀. Wọn yóò rán yín níṣẹ́ ẹrú, ẹ ó sì fi tọmọ jẹ́ ẹ; ìyẹn ni a fi ń kọ́ yín ní lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sẹ́nu, ẹ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó rán yín lè kú, ó sì lè ṣípò padà, ó lè sẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ náà kò ní kú, ẹnu ẹni tí ó jáde nínú rẹ̀ ni wọn yóò sì máa wò.

Àwòrán ọkùnrin tí ó ń rẹ́rìn-ín ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀rín náà síbẹ̀. Mo rò pé ó tọ́ sí i.